Ọdún kan àbọ̀ pẹ̀lú tẹ́sítà tí kò lórúkọ

Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára tẹ́sítà tí mo fi ń dá ẹ̀yà sákíìtì mọ̀ yìí. Bọ́ọ̀dù lásán ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ojú gíláàsì aláwọ̀ ewé wà lókè, ihò mẹ́rìnlá tó ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń há nǹkan mọ́ ọn wà nísàlẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà pupa àti dúdú sì yọ jáde fún bátìrì 9V. Kò ní àpótí. Ìwé ìlò tó bá a wá kò ju àjákù bébà lọ, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré débi pé fóònù ni mo fi yà á kí n tó rí i kà. Ẹ̀kejì tí mo máa lò nìyí. Èmi fúnra mi ni mo pa àkọ́kọ́, n ó sọ bí mo ṣe pa á tó bá yá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòroó sọ. Ẹ mú rẹsítọ̀, kapásítọ̀, dáyóòdù, tiransísítọ̀ tàbí MOSFET (irú tiransísítọ̀ tí fólítì ń ṣí), ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ihò 1, 2 àti 3 bó ṣe wù yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ya àwòrán nǹkan náà sójú gíláàsì, ó ti kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sọ iye rẹ̀. Ẹ ò ní sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé tiransísítọ̀ lẹ gbé wá. Òun ló máa wádìí fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ò pọ̀. ATmega328 kan ni, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú IC kan, irú èyí tó wà lórí bọ́ọ̀dù Arduino Uno R3, pẹ̀lú rẹsítọ̀ mẹ́fà: 680 ohm mẹ́ta, 470 kilo-ohm mẹ́ta, méjì méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ dá nǹkan mọ̀, á gba inú ọ̀kan nínú àwọn rẹsítọ̀ yìí fi 5V sí ẹsẹ̀ kan, á so ẹsẹ̀ kejì mọ́ ilẹ̀, á wá fa ẹsẹ̀ kẹta sókè tàbí sísàlẹ̀ kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tó bá ṣe tán, á pààrọ̀ wọn, títí á fi dán gbogbo ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹsẹ̀ mẹ́ta lè gbà tò wò. Markus Frejek ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, Karl-Heinz Kübbeler wá fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n sì fi àwòrán àti prógíráàmù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ fi lè ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde láìkọ orúkọ sí i.

Ẹ fi nọ́ńbà méjì sọ́kàn fún mi: 5V àti 680 ohm. Tí ẹ bá fi 680 pín 5, kọ́rẹ́ǹtì tó lè ti inú tẹ́sítà yìí jáde kò ju nǹkan bíi 7 mA lọ. Ohun tí kò bá lè fi ara rẹ̀ hàn lábẹ́ 5V àti 7 mA, tẹ́sítà yìí ò ní rí i. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi, ó sì jó mi níka.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ oore tó ṣe fún mi.

Mo ń ṣe sákíìtì kan tí Arduino yóò máa fi tan relay, ìyẹn suìṣì tí kọ́rẹ́ǹtì ń tì. Kò sí ohun tó rọrùn tó o. Ẹsẹ̀ Arduino, rẹsítọ̀ 1 kilo-ohm, ó di base tiransísítọ̀, ẹsẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀. Relay 5V lórí collector (ẹsẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà wọlé), emitter (ẹsẹ̀ tó ń gbà jáde) sí ilẹ̀, dáyóòdù 1N4007 lórí relay kí iná tó bá ta padà má bàa pa tiransísítọ̀. Mo ti fi tiransísítọ̀ BC547 ṣe é àìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ yẹn BC547 tán nílẹ̀, mo fa 2N3904 yọ, NPN ṣáà ni òun náà, irú tiransísítọ̀ kan náà. Mo gbé e sí ihò kan náà lórí breadboard (pátákó oníhò tí a ti ń kó sákíìtì jọ láìsọ́dà), mo kọ ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ síbi tí ti BC547 máa ń kọ sí. Mo fi iná sí i. Relay ò mira.

Mo yẹ prógíráàmù wò, kò lẹ́bi. Mo fi mítà wọn ẹsẹ̀ Arduino, 4.9V wà níbẹ̀. Mo wọn orí relay: 1.2V. Kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe 5V. Nínú iṣẹ́ yìí, nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ló ń dààmú èèyàn jù. Èyí tó kú pátápátá rọrùn láti wá, ẹ ṣáà tẹ̀ lé iná títí dé ibi tó ti parẹ́. Àmọ́ 1.2V? Wáyà inú relay náà jẹ́ 70 ohm, 1.2V lórí 70 ohm sì jẹ́ nǹkan bíi 17 mA, nígbà tó jẹ́ pé 71 mA ni relay náà ń jẹ tí 5V bá pé lórí rẹ̀. Mo ní bóyá kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọ base ni kò tó. Mo yọ 1 kilo-ohm, mo fi 470 ohm rọ́pò: fólítì orí relay gòkè sí bíi 2.5V, relay ò mú. Mo fi 220 ohm sí i. Kẹ́ṣẹ́! Ó mú.

Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: "2N3904, 220 ohm ni kí o lò." Mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Àbúrò mi wá lọ́jọ́ kejì, ó tẹjú mọ́ breadboard náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí ẹsẹ̀ BC547 ṣe tò ni ti eléyìí náà ṣe tò?" Mo ní NPN ni NPN ń jẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò." N ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló fẹ́ kí àbúrò kọ́ òun ní iṣẹ́ tí òun fúnra òun kọ́ ọ?

Nígbà tí tẹ́sítà dé, torí kapásítọ̀ ni mo ṣe rà á, àmọ́ 2N3904 yẹn ló wà nítòsí ọwọ́, òun ni mo kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Mo kọ ojú pẹrẹsẹ sí ara mi, ẹsẹ̀ òsì ní ihò 1. Tẹ́sítà ya NPN, ó kọ 1=E, 2=B, 3=C, ó ní ìlọ́po rẹ̀ (iye ìgbà tó ń sọ kọ́rẹ́ǹtì base di púpọ̀) jẹ́ 187. Mo wá BC547 kan tó ti gbó yọ láti ara bọ́ọ̀dù àtijọ́, mo kọ ọ́ sí bákan náà. 1=C, 2=B, 3=E. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Orí kodò ni mo gbé tiransísítọ̀ náà sí láti ọjọ́ yìí. Ohun tó sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé tiransísítọ̀ tí a dorí rẹ̀ kodò kì í kú, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Collector àti emitter jọ jẹ́ irú ohun kan náà, àmọ́ wọn ò ṣe wọ́n ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ìlọ́po tó yẹ kó jẹ́ 187 lè já wálẹ̀ gan-an. Mo ṣírò ti èmi: 1 kilo-ohm ń fi nǹkan bíi 4.3 mA wọ base, 17 mA ló jáde. Ìlọ́po 4. Ìyẹn ni 220 ohm fi dà bí oògùn: ó ń fa bíi 20 mA láti ẹsẹ̀ Arduino kó tó lè gbé relay kan ṣoṣo. Mo yí tiransísítọ̀ náà padà, mo dá 1 kilo-ohm sí ipò rẹ̀. Kẹ́ṣẹ́. Mo fa igi lé ohun tí mo kọ sínú ìwé. Àbúrò mi ò tíì mọ̀ pé òun ló jàre.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé datasheet (ìwé àlàyé tí ilé-iṣẹ́ ń kọ nípa nǹkan) wà, kí ni mo fẹ́ fi tẹ́sítà ṣe. Òótọ́ ni, datasheet wà. Àmọ́ orí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára nǹkan ni datasheet dá lé, ohun tó wà nínú nǹkan gan-an sì ni tẹ́sítà ń wò. N ó padà sórí ìyẹn.

Kapásítọ̀ electrolytic wá ni mo ti jẹ èrè rẹ̀ jù. Mo kó áńpílífáyà kékeré kan jọ pẹ̀lú LM386, IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí gbogbo ẹni tó ń fi sákíìtì ṣeré máa ń bá pàdé lọ́jọ́ kan. Tí ẹ ò bá fi nǹkan kan sáàárín ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 8, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 20. Tí ẹ bá fi 10 µF síbẹ̀, ó di 200. Ojúkòkòrò mú mi, mo fi 10 µF síbẹ̀. Bí mo ṣe so bátìrì 9V mọ́ ọn, sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í dún pù-pù-pù-pù, bí alùpùpù tó dúró tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo gé wáyà kúrú. Mo gbé ibi tí ohùn ń gbà wọlé jìnnà sí ibi tó ń gbà jáde. Mo pààrọ̀ IC. Rẹsítọ̀ 10 ohm àti kapásítọ̀ 0.047 µF tó yẹ kó wà láàárín ẹsẹ̀ 5 àti ilẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Pù-pù-pù. Ìgbà tí mo yọ 10 µF, tí ìlọ́po padà sí 20, ó dákẹ́. Mo bá gbà pé LM386 ò lè ru 200, pé irọ́ ni datasheet ń pa. Ẹ kíyè sí i pé irú àṣìṣe ti relay náà ni: mo rí ohun tó jẹ́ kí ariwo dákẹ́, mo pe ìyẹn ní ìdí rẹ̀.

Kapásítọ̀ 220 µF tó wà lórí ẹsẹ̀ 6, níbi tí iná ń gbà wọlé, inú ràdíò àtijọ́ kan ni mo ti yọ ọ́. Mo ti fi mítà wọ̀n ọ́n kí n tó lò ó, mítà ní 196 µF. Kò burú, wọ́n máa ń fàyè sílẹ̀ fún ìyàtọ̀ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lára irú wọn. Ìgbà tí mo yọ ọ́ tí mo kì í bọ tẹ́sítà, iye tó sọ ò jìnnà sí ti mítà, àmọ́ ó kọ ìlà kejì sábẹ́ rẹ̀: ESR=9.4Ω. Mo mú 220 µF tuntun, ó ní 0.26Ω.

ESR ni ìdènà tó sá pamọ́ sínú kapásítọ̀, bí ẹni pé wọ́n ti so rẹsítọ̀ mọ́ ọn nínú agolo láìsọ fún wa. Tí omi inú rẹ̀ bá ń gbẹ, ìdènà náà á máa ga. Ẹ ronú ìkòkò omi tí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ má bàa máa sáré lọ sódò ní gbogbo ìgbà. Mítà mi ń sọ bí ìkòkò ṣe tóbi tó, kò sì purọ́. Ọrùn ìkòkò ló ti dí. Bí LM386 bá fẹ́ bu kọ́rẹ́ǹtì lójijì fún sípíkà, kò rí i bù nínú ìkòkò, ó ní láti lọ sí ọ̀dọ̀ bátìrì, bátìrì 9V náà sì ní ìdènà tirẹ̀, fólítì á rẹlẹ̀, ìrẹ̀sílẹ̀ yẹn á yọ́ wọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ìlọ́po 200 á gbé e jáde padà. Ó ń yípo. Pù-pù-pù. Mo fi kapásítọ̀ tuntun sí i, mo dá 10 µF padà sáàárín 1 àti 8, sípíkà dákẹ́ rọ́rọ́, àyàfi híìsì tí ìlọ́po 200 kì í ṣaláìní.

Àwọn tó ń tún ràdíò ṣe máa ń sọ pé kapásítọ̀ "ti wíìkì". Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, mo rò pé àsọdùn ni, torí bí mítà mi bá ti ní iye rẹ̀ pé, ó parí. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Tẹ́sítà yìí ló fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ wọn fún mi. Ẹ ṣáà rántí yọ kapásítọ̀ kúrò lórí bọ́ọ̀dù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ó kéré tán kí ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, torí àwọn ará ilé rẹ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù á dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ó wá kan ìka mi tó jó.

Mo fẹ́ fi ESP32, bọ́ọ̀dù kan bíi Arduino, máa tan iná LED 12V, èyí tó ń jẹ bíi 2 A, kí n sì lè máa dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. MOSFET ló tọ́ sí i. IRFZ44N wà nílẹ̀. Mo ti di ọlọgbọ́n nísinsìnyí, n ò fi ojú wò ó lásán mọ́, mo kì í bọ tẹ́sítà. Ó ya àwòrán N-MOS, ó sọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ gate (tí a fi ń ṣí i), drain àti source (méjì tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà kọjá), ó sì kọ Vt=3.1V. ESP32 ń fún mi ní 3.3V. 3.3 ju 3.1 lọ, àbí? Mo so ó pọ̀.

Iná náà tàn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo wọn drain sí source: 3V ló wà níbẹ̀, ibi tí kò yẹ kó tó ìdá mẹ́wàá fólítì kan. Mo fi ìka kan orí MOSFET láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ẹ má ṣe irú ẹ̀ láé. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń kọjá jẹ́ 0.8 A, 3V lọ́nà 0.8 A jẹ́ 2.4 W, IRFZ44N tí a ò fi irin atutù sí lẹ́yìn sì máa ń gbóná ní nǹkan bí ìwọ̀n 62 Celsius fún 1 W kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Awọ ìka mi ti ṣírò tirẹ̀.

Tẹ́sítà ò purọ́ fún mi. Èmi ni n ò mọ ohun tí ó sọ. Vt jẹ́ fólítì tí MOSFET fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú. Datasheet IRFZ44N ń wọ̀n ọ́n níbi tí 250 µA péré ń kọjá. Kọ́rẹ́ǹtì yẹn ò tó LED kan tàn dáadáa, ká má tíì sọ 2 A. Láti ṣí ilẹ̀kùn gbàragada, 10V ni datasheet náà kọ fún gate rẹ̀. Ẹni tó ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yọjú kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà, IRLZ44N, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní 5V péré, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi rẹsítọ̀ fa gate IRFZ44N lọ sí 12V, mo wá fi BC547 (mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò!) máa fà á wálẹ̀ sí ilẹ̀ nígbà tí ESP32 bá sọ̀rọ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, MOSFET tutù bí omi àmù. Àbùkù kan ni pé gbogbo nǹkan dorí kodò: bí mo bá ní kí iná tàn, ó kú, bí mo bá ní kó kú, ó tàn. Inú prógíráàmù ni mo ti tún ìyẹn ṣe.

Nítorí náà, nọ́ńbà tó bá kọ síwájú yín, ẹ bi í pé lábẹ́ kí ni. Dáyóòdù zener 12V (irú èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn kọjá tó bá ti dé 12V) tí mo kì bọ̀ ọ́, dáyóòdù lásán ni ó pè é, 0.71V, mo ti fẹ́ dà á nù kí n tó rántí pé 5V ò lè dé ibi tí zener 12V ti ń jí. Zener 3.3V, ó rí i. IC 7805 tó ń dín fólítì kù sí 5V, ìsọkúsọ ló ń sọ nípa rẹ̀, ìgbà kan dáyóòdù méjì, ìgbà mìíràn rẹsítọ̀. Kapásítọ̀ 15 pF, kò rí nǹkan kan. Índọ́kítọ̀ kékeré (wáyà tí a ká) tó jẹ́ 4.7 µH, rẹsítọ̀ 0.3 ohm ló pè é, bẹ́ẹ̀ wáyà ni lóòótọ́, kò purọ́. Kapásítọ̀ seramíìkì kékeré tó jẹ́ 10 µF, á ní 10 µF, àmọ́ ìyẹn ni ìgbà tí kò sí fólítì lórí rẹ̀. Irú wọn kan wà tó jẹ́ pé tí 5V bá ti gùn wọ́n báyìí, apá ńlá nínú iye yẹn á fò lọ. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí tẹ́sítà ń wò.

Bí mo ṣe pa ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa, torí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Mo yọ kapásítọ̀ 470 µF láti ara ẹ̀rọ tó ń fúnni ní 24V. Mo ti fa ẹ̀rọ náà yọ lára iná, mo rò pé ó parí. Mo kì í bọ ihò 1 àti 3, ìró kékeré kan dún, tà, ó tán. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá fi síbẹ̀, àní tí mi ò bá fi nǹkan kan síbẹ̀ rárá, tẹ́sítà á ní dáyóòdù ni.

Àárín ihò wọ̀nyẹn àti ẹsẹ̀ ATmega328 tààràtà, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí datasheet ATmega328 gbà láyè ni kí fólítì tó bá wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ má ju 0.5V lọ lórí fólítì tó fi ń ṣiṣẹ́. 5.5V nìyẹn. Èmi fi 24V kí i káàbọ̀. Ìwé ìlò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká tú kapásítọ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n. Mo sọ fún yín pé lẹ́tà rẹ̀ kéré. Ní báyìí, rẹsítọ̀ 1 kilo-ohm kan wà lórí tábìlì mi tí mo sọ́dà wáyà méjì mọ́, tí orí wáyà náà ní ìdè bí ẹnu akàn. Mo máa ń gbé e lé ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì, máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Fún 470 µF, ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ti tó. Ẹ má lo skúrúdíráífà láti tú u o, ó ń ta iná, ó sì ń jẹ ẹnu skúrúdíráífà.

Èmi ì bá sọ pé kí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù yìí jáde fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan wà tó ní in. Tèmi ò ní.

Ẹ̀sùn kéékèèké tó kù: ọ̀pá tó ń há nǹkan mọ́ ihò ti ń dẹ̀, ẹsẹ̀ dáyóòdù 1N4148 tín-ín-rín débi pé nígbà mìíràn mo ní láti tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà pé nǹkan wà níbẹ̀. Wáyà bátìrì já lóṣù kejì níbi tí wọ́n ti sọ́dà á mọ́ bọ́ọ̀dù, mo tún un sọ́dà, mo fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ kó má máa mì. Tí bátìrì 9V bá ti ń sún mọ́ 7V, ẹ má gbà á gbọ́ mọ́. Ó máa ń kọ fólítì bátìrì síta tó bá ti ń jí, ẹ máa wò ó, torí iye rẹsítọ̀ á kọ́kọ́ máa yẹ̀ kó tó kú pátá. Ó ń pa ara rẹ̀, èyí tó dáa, torí mo máa ń gbàgbé.

Ohun kan tí wọn ò kọ sínú ìwé tèmi, tó sì ń ṣiṣẹ́: ẹ fi wáyà so ihò 1, 2 àti 3 pọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Á wọ inú àyẹ̀wò ara rẹ̀, á ní kí ẹ yọ wáyà náà nígbà tó bá yá, lẹ́yìn náà á béèrè kapásítọ̀ tó ju 100 nF lọ láàárín 1 àti 3. Mo fún un ní 220 nF. Kí n tó ṣe èyí, rẹsítọ̀ 1 ohm mi jẹ́ 1.3 ohm lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di 1.02.

Tí ẹ ò bá tíì ní mítà, ẹ ra mítà ná. Tẹ́sítà yìí ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sákíìtì tí iná wà nínú rẹ̀, òun kì í ṣe mítà, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ máa fi wo ìgbì iná. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń jókòó ti breadboard títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ẹ ń dá sákíìtì tí ẹ yà lẹ́bi lójoojúmọ́, ẹ gbà á. Nínú márùn-ún, mo máa fún un ní mẹ́rin. Ẹ̀ṣọ́ tí kò sí lẹ́nu ihò ló jẹ ìkan tó kù.

Mo ní n ó padà sórí datasheet. Oṣù tó kọjá mo ra BC547 àádọ́ta nínú ọ̀rá kan lọ́wọ́ ẹni tí n ò ní dárúkọ. Gbogbo wọn ni wọ́n tẹ BC547 sí lára, lẹ́tà wọn ń dán. Mo jókòó, mo kì wọ́n bọ tẹ́sítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógójì jẹ́ NPN, ìlọ́po wọn láàárín 210 sí 340, ẹsẹ̀ wọn C, B, E bó ṣe yẹ. Mẹ́ta jẹ́ NPN tí ẹsẹ̀ wọn tò ní E, B, C. Mẹ́rin jẹ́ PNP, òdìkejì NPN. Mo fi pẹ́ẹ̀nì funfun sàmì sí orí àwọn mẹ́ta, mo kó wọn sí ọ̀rá tiwọn. Àwọn PNP mẹ́rin wúlò, mo ti lo méjì nínú wọn. Àbúrò mi bi mí pé kí ni funfun tó wà lórí àwọn wọ̀nyẹn, mo ní ìyẹn àwọn tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ó ní, "Bí ti ọjọ́ yẹn?" Mo ní ọjọ́ wo?